Ìlẹ̀kùn Ọ̀tún, Ìlẹ̀kùn Òsì

Ọdún tí bàbá mi kú ni màmá mi wá bá wa gbé ní Atlanta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ló pè mí láti ilé. Wọ́n ní màmá kì í jẹun dáadáa mọ́, pé màmá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, pa, àti pé àwọn ọmọọṣẹ́ ti wá ọ̀gá mìíràn lọ. Ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ màmá mi mọ́ ìdí máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Aṣọ ilé-ìwé tí mo wọ̀, aṣọ ìgbéyàwó mi, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fi àgádágodo sí i, ẹ̀rù bà mí ju ti àìjẹun lọ. Èmi àti ọkọ mi jọ sọ ọ́, a sì ṣètò bí wọn á ṣe wá.

Tucker la ń gbé nígbà náà, nínú ilé yàrá méjì kan tí wọ́n kọ́ yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká. Warehouse kan ní Conyers ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Train kì í dé Conyers, nítorí náà òun ló ń gbé ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a ní, á sì ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí train ti ń gbéra, láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní apá àríwá ìlú. Tí àwa méjèèjì bá ti lọ, màmá mi nìkan ló máa ń ṣẹ́kù sílé.

Wọ́n á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa wo ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tí ẹnìkan bá ń kọjá lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á kí i láti inú ilé. Ẹni náà kò ní gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú a máa ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Marietta, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, "Mummy, ẹ kú àdánù o, ẹ kú ìrọ́jú," lẹ́yìn náà kálukú á wọ mọ́tò rẹ̀, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé irú ìlú wo lèyí, tí èèyàn ò ti lè yọjú síta kó rí ẹni tó máa bi í pé ṣé ó jí dáadáa.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n dá àwọn padà sílé. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì. Wọ́n ní àwọn á jókòó. Mo ní ṣebí ìjókòó náà ni wọ́n ń jókòó níbí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti ọ̀hún, inú pálọ̀ ọkọ àwọn ni àwọn á jókòó sí. 

Láàárín ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí ojú wọn. Wọ́n da iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà. Wọ́n ń gbé Bíbélì sún mọ́ imú kí wọ́n tó lè kà á. Mo bá wọn gba àyè lọ́dọ̀ dókítà ojú kan tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá ọkọ mi kò fún un láyè lọ́jọ́ náà, ni mo bá sọ fún màmá pé train la máa wọ̀.

Inú wọn ò dùn sí i. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n rí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, wọ́n dúró gan-an bí ẹni tí ejò dúró níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n balẹ̀ sí Atlanta ni wọ́n ti kọ̀ ọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní ohun tí kò bá dúró kí èèyàn tẹ̀ ẹ́, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Mo wá elevator, ó gbé wa débi tí a ń lọ, a sì jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n wọ bùbá àti ìró àdìrẹ kan tí àwọn fúnra wọn rán nígbà tí ara ṣì le, wọ́n fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ ọnà sí ẹnu ọwọ́ rẹ̀. Kóòtù pupa ni èmi wọ̀. Báàgì wọn wà léjìká mi, fóònù wọn sì wà nínú báàgì náà.

Five Points ni a ti máa bọ́ sílẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn. Àárín gbùngbùn ìlú ló wà, abẹ́ ilẹ̀ sì ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé: ọkọ̀ tó ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń kọjá lókè, èyí tó ń ti àríwá lọ sí gúúsù títí dé pápákọ̀ òfurufú ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun kan tún wà nípa ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti dúró, ìlẹ̀kùn á ṣí lápá ọ̀tún, á sì tún ṣí lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé pèpéle tí èrò ń dúró sí wà ní ìhà méjèèjì. Ó ti mọ́ mi lára débi pé kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún màmá mi.

Ọkọ̀ dúró. Mo dìde, mo di ọwọ́ wọn mú, a forí lé apá ọ̀tún. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé gba àárín wa kọjá, ó ń bẹ̀ wá pé ká má bínú, ọwọ́ wa bá já. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi tì mí jáde. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ẹ̀yìn màmá mi ni mo rí, wọ́n ń bá àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ lápá òsì lọ. Obìnrin kan tó wọ kóòtù pupa ló ń lọ níwájú wọn. Wọ́n rò pé èmi ni. Mo pè wọ́n, ìlẹ̀kùn sì padé.

Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, mo rí wọn lódìkejì ojú irin. Wọ́n ti rí i pé obìnrin tí àwọn tẹ̀lé kì í ṣe èmi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di àyà, wọ́n ń wò yíká. Mo kígbe pé kí wọ́n dúró síbẹ̀, mo nawọ́ sókè láti fi hàn wọ́n pé òkè ni n óò gbà wá bá wọn. Ẹ̀rọ kan ń kéde lára ògiri, ọkọ̀ mìíràn sì ń pariwo wọlé láti ọ̀nà kejì. Wọn kò gbọ́ nǹkan tí mo sọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ àwọn ń nawọ́ sókè.

Mo sáré gun òkè, mo la gbọ̀ngán tó wà níbẹ̀ já, mo tún sáré sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Màmá mi kò sí níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn òpó, mo wo ìdí àga. Mo wo ojú irin pẹ̀lú. Gbogbo ohun tí mo lè rò kò ju pé wọ́n ti wọ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹn, pé ọkọ̀ náà ń gbé wọn lọ síbi tí wọn ò mọ̀, láìsí fóònù, láìsí ẹni tó máa gbọ́ èdè wọn. Mo ń rò ó bí n ó ṣe pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ fún wọn pé màmá tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, mo ti sọ wọ́n nù sábẹ́ ilẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ mi, orúkọ oríkì tí ẹnikẹ́ni kì í fi pè mí ní ìlú yìí. Mo gbójú sókè. Màmá mi nìyẹn, ní òdìkejì, níbi tí èmi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń ju ọwọ́ sí mi.

Wọ́n ti gun àtẹ̀gùn tó ń rìn. Wọ́n ti gun èyí tó lọ sókè, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí èyí tó wá sísàlẹ̀. A ti kọjá ara wa lókè láìrí ara wa.

Kí n tó lè sọ pé kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ mọ́, mo rí i tí wọ́n ti yí padà, tí wọ́n tún fẹ́ máa wá bá mi. Obìnrin àgbàlagbà kan, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tó jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, ló dìde. Ó ti ń wo gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rọra di màmá mi lọ́wọ́ mú, ó fọwọ́ lu àga, màmá mi sì jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó tọ́ka sí mi, ó tọ́ka sí ilẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí. Ó yé mi. Mo tún gun òkè.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti múra láti sunkún. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ wojú mi. Ìyá náà ti di ẹnu ọwọ́ bùbá màmá mi mú, ó ń fi ìka tọ iṣẹ́ òwú funfun náà bí ẹni ń kàwé. Ó béèrè lọ́wọ́ màmá mi pé ta ló rán an. Ìwé mẹ́fà ni màmá mi kà, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ti àwọn ará ibí máa ń ṣòro fún wọn láti gbọ́. Ìyá náà tún bi wọ́n, ó ṣe bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ. Màmá mi fọwọ́ lu àyà ara wọn.

"Me," ni wọ́n wí.

N kò tíì gbọ́ kí ohùn wọn dún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

Ìyá náà bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń ti ìlà-oòrùn wá pààrọ̀ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ yìí, ó ń lọ sí gbọ̀ngán kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní apá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìyá àgbà bíi tirẹ̀ ń péjọ síbẹ̀, wọ́n ń gé aṣọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń tò ó pọ̀, wọ́n ń rán an di aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù. Ó ní kí n bá òun sọ fún màmá mi pé àyè wà fún wọn níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni àwọn fẹ́ bá wọn sọ níbẹ̀, àwọn ti fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀ kí n tó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá, mo di ọwọ́ màmá mi mú débi pé wọ́n ní kí n rọra. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi dúró sójú kan. Òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló wà lójú fèrèsé.

"O nawọ́ sókè, mo sì lọ sókè," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rù àtẹ̀gùn yẹn bà mí o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ẹ̀yin ọmọ lẹ ń mú mi lọ, tí ẹ ń mú mi bọ̀. Òní ni mo kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ ara mi gbé."

A pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà, síbẹ̀ wọ́n gbà wá. Dókítà yẹ ojú wọn wò, ó ní kò sí àrùn níbẹ̀, awò ni wọ́n nílò, ó sì ti yẹ kí wọ́n ti máa lò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá mi ní kí n bi í léèrè bóyá ojú yẹn ló fà á tí òwú ò fi wọ inú abẹ́rẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Gbogbo wa ti ń sọ pé ọ̀fọ̀ ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí bàbá mi tó kú ni wọ́n ti ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́, tí wọ́n sì ń fi í pamọ́, nítorí wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Lọ́jọ́ tí awò náà dé, wọ́n gbé e sójú, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní mo ti rù. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bá àwọn wá abẹ́rẹ́ àti òwú. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní, inú àpò kékeré tí wọ́n fún mi ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ló wà. Wọ́n fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n tún fà á yọ, wọ́n tún fi sí i. Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá wa nídìí rẹ̀, ó rò pé bọ́tìnnì aṣọ òun ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ló bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n sì wá ibi tó já lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni màmá mi bi mí bóyá mo ṣì ní nọ́ńbà ìyá ọjọ́ yẹn lọ́wọ́.

Ara ọkọ mi kò kọ́kọ́ balẹ̀. Ó ní Atlanta kì í ṣe Ìbàdàn, tí wọ́n bá sì ṣìnà ńkọ́? Mo rán an létí pé wọ́n ti ṣìnà rí, wọ́n sì rí mi. Ó rẹ́rìn-ín. A ṣètò rẹ̀ pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí mo bá wà ní shift òwúrọ̀, èmi àti màmá á jọ jáde. Ní Five Points, ọ̀rẹ́ wọn á dúró dè wọ́n lórí pèpéle. Àwọn méjèèjì á wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, èmi á sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ ti àríwá. Ní ọ̀sán, ọ̀rẹ́ wọn á sìn wọ́n títí dé ibi tí wọ́n ti máa wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ sílé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo dúró wò wọ́n títí ọkọ̀ wọn fi lọ. Wọ́n jókòó tira wọn, ìyá méjì, ọ̀kan pẹ̀lú gèlè, ọ̀kan pẹ̀lú fìlà òwú. Ọ̀rẹ́ wọn ń sọ̀rọ̀, màmá mi ń mi orí. Mo mọ̀ dájú pé wọn kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ.

Lálẹ́ mo bi wọ́n pé báwo ni. Wọ́n ní àwọn kò ránṣọ rárá. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀, ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di bàìbàì, wọ́n ń fi ẹnu lá òwú, abẹ́rẹ́ ń sá fún wọn. Ni màmá mi bá gba abẹ́rẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá wọn fi òwú sí i. Gbogbo ọjọ́ náà ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Wọ́n jẹ àmàlà tán lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún ní kí n bu sí i. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn. Àwọn ìyá náà gbé máṣíìnì kan fún màmá mi. Ọ̀rẹ́ wọn kọ́ láti máa sọ pé "Ẹ káàárọ̀", ó sì ń sọ ọ́ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Màmá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀ wálé tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n pe ọkọ mi ní "baby" bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún un, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọjọ́bọ̀ kan wá dé, a dé Five Points, ọ̀rẹ́ wọn kò sí lórí pèpéle. A dúró títí. Mo pè é, kò gbé fóònù rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́, mo sì sọ fún màmá mi pé kí wọ́n padà sílé, mo fi ọkọ̀ ìlà-oòrùn hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé àwọn ti mọ ohun tí àwọn máa ṣe. Èmi rò pé ilé ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí mo ráyè sinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo pe fóònù wọn. Wọn kò gbé e. Mo tún pè. Mo pe ọkọ mi ní Conyers, ó ní òun á tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá òun, òun á lọ wo ilé. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìpè wọn wọlé sórí fóònù mi.

"Ọ̀rẹ́ mi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀," ni màmá mi wí. "Orúnkún ló ń dà á láàmú, kò lè dìde. A ń jẹun. Ṣé kò sí wàhálà?"

Mo ní kò sí. 

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ bó ṣe lọ. Wọ́n ti dá wọ ọkọ̀ ìwọ̀-oòrùn lọ sí gbọ̀ngán ìránṣọ. Wọ́n bi àwọn ìyá yòókù nípa ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì ní kí ẹnìkan mú àwọn débẹ̀. Ìyá kan tó ní mọ́tò gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá obìnrin náà nìkan nílé, kò tíì jẹun láti àárọ̀. Màmá mi wọ inú kíṣìnì rẹ̀, wọ́n ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀ rẹ̀, wọ́n se ìrẹsì àti ẹyin, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n rẹ aṣọ sínú rẹ̀, wọ́n fi jó orúnkún náà. Ọ̀rẹ́ wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó dáná nínú kíṣìnì yẹn yàtọ̀ sí òun.

Ìyá tó ní mọ́tò náà gbé màmá mi padà sí gbọ̀ngán ní ìrọ̀lẹ́, mo sì wọ takisí lọ mú wọn níbẹ̀. Nígbà tí a máa padà, n kò mọ̀nà, nítorí n kò gba apá ìwọ̀-oòrùn rí. Àwọn ló ṣáájú. Wọ́n sọ fún mi ìgbà tí ọkọ̀ máa wọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ní kí n dìde kí ó tó dúró ní Five Points, nítorí èrò máa ń pọ̀ nírú àkókò yẹn.

Ara ọ̀rẹ́ wọn yá. Àwọn dókítà tọ́jú orúnkún rẹ̀, ó sì padà sórí pèpéle pẹ̀lú ọ̀pá kan. Nígbà tó yá, àyè tí ìjọba fún màmá mi láti gbé ní orílẹ̀-èdè yìí ń lọ sópin. Mo ti múra láti bẹ̀ wọ́n pé kí a wá bí a ṣe máa fi kún un. Kí n tó lanu, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sílé, ó ti yá. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì, mo rò pé ìjókòó inú pálọ̀ ni wọ́n tún ń lọ jókòó. Wọ́n wò mí láti òkè awò wọn.

"Mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi," ni wọ́n wí. "Tàbí o rò pé ọmọdé ni mí, tí mo fi máa wà lọ́dọ̀ rẹ títí?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ọkọ mi kó ẹrù wọn sínú mọ́tò ní òwúrọ̀, ó ní a máa pàdé ní pápákọ̀ òfurufú. Màmá mi ní train ni àwọn máa wọ̀. Ní Five Points a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọkọ̀ gúúsù ti ń gbèrò. Ọ̀rẹ́ wọn ti wà níbẹ̀. Kò gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́, òun àti màmá mi ti ṣàdéhùn pé kò sí ẹni tó máa ra nǹkan fún ẹnìkejì. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jókòó. Ọkọ̀ kan dé, wọn kò dìde. Òmíràn dé, wọn kò dìde. Mo ń wo aago mi. Nígbà tí ìkẹta dé, màmá mi dìde, wọ́n tún gèlè ṣe, a sì wọlé. Ọ̀rẹ́ wọn ní "Ẹ káàárọ̀." Ọ̀sán ni. Màmá mi dá a lóhùn pé "Káàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi," ìlẹ̀kùn sì padé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fò lọ tán, ọkọ mi kọjá sẹ́nu iṣẹ́, èmi sì dá wọ train padà. Mo bá ìyá náà níbi tí a fi í sí. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n wọ bàálù láyọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A jọ gun òkè lọ síbi ọkọ̀ ìlà-oòrùn, ó sì bi mí bóyá mo máa wá ní Ọjọ́bọ̀. Mo sọ fún un pé màmá mi ló mọ̀ ọ́n rán, èmi kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Ó ní àwọn kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà báyìí. Àwọn ìyá náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń fún mi ní oúnjẹ tó pọ̀ jù. Ní Òkè-Àdó, ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, ọmọọṣẹ́ tuntun méjì sì ti wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé aṣọ ìbora tí mo ń rán sí ojú fóònù kí màmá mi lè rí i. Wọ́n ní kí n sún un mọ́ ojú fóònù. Mo ń gbọ́ ìró máṣíìnì lẹ́yìn wọn.

"Tú ẹ̀gbẹ́ kan yẹn," ni wọ́n wí. "Tún un bẹ̀rẹ̀ láti igun."

Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yọ sísọ́ọ̀sì kékeré kan nínú báàgì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.